Èébú Tí Àdàbà Fi Ránṣẹ́ sí Mànàmáná

Ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan, kò sí ẹni tó fẹ́ kí Ìyá Olóògbé béèrè àlàáfíà òun. Bó bá kí ènìyàn pé "Ara ńkọ́?", olúwarẹ̀ á yára dáhùn pé ara le koko, pé òun kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orí fífọ́, á sì wá ọ̀nà àbáyọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Òun ló ń ṣètò ìrántí àwọn gbajúmọ̀, kì í sì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kú tán. Bí gbajúmọ̀ bá dákẹ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán àwọn olùgbọ́ ti ń retí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú orin lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ojú ayé ẹni ni wọ́n ti ń ṣe é sílẹ̀. Yàrá Ìyá Olóògbé wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kò ní fèrèsé, pẹpẹ sì kún un láti ilẹ̀ dé àjà. Àwọn ènìyàn ńlá tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń jà sí ilẹ̀ nígboro wà lórí pẹpẹ yẹn, oníkálukú nínú páálí tirẹ̀, tí a ti dágbére fún wọn tán láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Obìnrin tí kì í fi ẹnu ṣòfò ni. Bí wọ́n bá ní lágbájá kú, kò ní sọ pé "Yéè". Ohun tí yóò béèrè ni bóyá àwọn ẹbí ti mọ̀. Òfin kan wà tó dì mú bí ẹni di okùn kànga: aláàyè kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé ẹni tí òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbọ́ lọ́la, irọ́ ni yóò kàn máa pa, wọn á sì jọ jókòó fi àsìkò rédíò ṣòfò.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà pè é sókè.

"Mànàmáná àti Àdàbà," ni ọ̀gá wí. "Àwọn méjèèjì ti dàgbà. Ètò kan ṣoṣo ni kó o ṣe fún wọn. Èyí tó bá kọ́kọ́ lọ, ká ní ohùn èkejì nílẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó o wá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, kí àwọn ènìyàn mọ èyí tó tẹ̀wọ̀n jù."

"Sà, òṣùwọ̀n wo lẹ ní fún orin?"

"Ìyẹn niṣẹ́ tìrẹ."

Ìyá Olóògbé sọ̀ kalẹ̀, ó kó gbogbo àwo orin àwọn méjèèjì jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn. Kò ṣègbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ kò gbà kí wọ́n tan rédíò sílé, nítorí náà ó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú etí tó mọ́.

Ìtàn wọn kò lọ́jú pọ̀. Ọmọge méjì ni wọ́n, wọ́n jọ ń kọrin ní gbọ̀ngàn ilé ìtura kan, máìkì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Orúkọ wọn papọ̀ mì ìlú tìtì. Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n pè wọ́n láti kọrin lójú gbogbo ayé, ibẹ̀ ni adìẹ ti bà lókùn. Àdàbà ní Mànàmáná fa máìkì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mànàmáná ní ọ̀fìnkìn ló ń dààmú Àdàbà lọ́jọ́ náà, pé òun fẹ́ bò ó láṣìírí ni. Láti ìgbà yẹn ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá pe àwọn méjèèjì síbi ìgbéyàwó kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé èkejì ń bọ̀ ni ara rẹ̀ kì í yá.

Mànàmáná gba ojú agbo lọ. Ó jó, ó tàn, ó fò kọjá òkun, ó kọrin ní pápá tí èrò inú rẹ̀ kò lópin. Ọkọ mẹ́ta ló fẹ́. Ó kọrin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tó ń bọ̀, ó sì kọrin fún un nígbà tó ń lọ. Èyí tó fi ń lé wọn jáde ló máa ń tà jù. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ há, ó sọ híhá náà di àrà, àwọn ọ̀dọ́mọdébìnrin sì ń fi tipátipá há ohùn tiwọn kí wọ́n lè dà bí i tirẹ̀.

Àdàbà ní tirẹ̀ fẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan, ó bá a gbé títí ọkùnrin náà fi kú. Kò rìnrìn àjò. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní orin nínú pálọ̀ rẹ̀, ó sì ń ṣe àwo kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i. Orin rẹ̀ tó lókìkí jù lọ ni ti ìpolówó ọṣẹ kan. Gbogbo ènìyàn ló mọ orin náà, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ló mọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí Ìyá Olóògbé rí kò ju èyí lọ: orin Mànàmáná ni àwọn ènìyàn fi ń jó, ti Àdàbà ni wọ́n ń kọ lábẹ́ ètè nígbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́. Èwo ló wá tẹ̀wọ̀n jù? Ó gbé ìbéèrè náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àdàbà ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé tìmùtìmù ìjókòó tirẹ̀ lọ́wọ́ wá, nítorí ó ní àga sítúdíò máa ń jẹ òun ní ìdí.

"Mà, a máa ṣe é bí ẹni pé wọ́n ti lọ ni," ni Ìyá Olóògbé wí. "Ẹ máa pè wọ́n ní olóògbé."

Àdàbà wò ó. "Ṣé òun náà mọ̀ pé òun ti di olóògbé?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Tan iná ẹ."

Iná pupa tàn. Àdàbà sún mọ́ máìkì. "Olóògbé mọ aṣọ wọ̀," ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde. Ó fi kún un pé ohùn olóògbé kò burú, pé ariwo ló kàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní bí iná bá kú nínú gbọ̀ngàn, àwọn èrò á ṣì rí olóògbé nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá wọ́n á mọ ohun tó ń kọ, ìyẹn kò lè dá òun lójú. Ó gbé tìmùtìmù rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Mànàmáná dé pẹ̀lú awakọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, àti obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi àtíkè sí i lójú. Ẹni tó ń lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ń kun ojú. Kí ìdí rẹ̀ tó kan àga ló ti ń béèrè.

"Kí ló sọ nípa mi?"

"Mi ò lè sọ fún yín, mà. Òfin ni."

"Ó ní mo fa máìkì."

Ìyá Olóògbé ń yí bọ́tìnnì tí kò nílò yíyí.

"Mo mọ̀," ni Mànàmáná wí, inú rẹ̀ sì dùn. Ó wá sọ tirẹ̀. Ó ní ohùn olóògbé Àdàbà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ jókòó tì í, ta ló wá ráyè jókòó láyé ìsinsìnyí? Ó ní olóògbé kò mọ̀ ọ́n jó rárá, pé bó bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀rù á máa bani nípa ti òsì.

Ó yẹ kí iṣẹ́ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àdàbà padà wá. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun òun kò dáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì yọ ọ̀rọ̀ ariwo kúrò. Ó tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí ó sọ nípa ọjọ́ tí bàtà òun já kí wọ́n tó jáde sí ojú agbo, tí Mànàmáná bọ́ tirẹ̀ fún òun, tó sì fi ẹsẹ̀ lásán jáde bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo ọmọge ìlú ló ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó jó. Àdàbà rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ó sì ń wo máìkì bí ẹni tó ń retí èsì.

Ìgbà yẹn ló yé Ìyá Olóògbé. Obìnrin yìí kò wá tún ohùn ṣe. Kò sí ibòmíràn tó ti lè sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ tó kọ́ lórin ti dàgbà, ta ni yóò bá sọ ọ́? Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Olóògbé, kò sì fẹ́ràn kí àánú ènìyàn máa ṣe é lẹ́nu iṣẹ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin Mànàmáná tẹ Ìyá Olóògbé láago. Ó ní kíndìnrín ìyá òun ti dáṣẹ́ sílẹ̀, pé àwọn dókítà ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó kàn ní kí ilé-iṣẹ́ rédíò mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá di pé àwọn arúgbó méjì yìí máa rí ara wọn kí ọ̀kan tó lọ, tàbí wọn ò ní rí ara wọn. Ìyá Olóògbé nìkan ló wà láàárín. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ká òfin rẹ̀ sápò, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ó gba ilé Mànàmáná lọ.

Yàrá náà kún fún aṣọ ju ènìyàn lọ. Aṣọ onílẹ̀kẹ̀, aṣọ onídíńgí, aṣọ tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe, wọ́n kọ́ wọn yí ibùsùn ká. Mànàmáná wà láàárín, ó ti rù, ó wé gèlè kékeré kan mọ́rí. Ìyá Olóògbé ní òun mú ohùn Àdàbà wá.

"Ṣé oore ló ń sọ nípa mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Oore ni."

"Pa á." Ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Pa á, ọmọ mi. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bó bá ti ń sọ oore mi, ó ti sin mí nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ara mi ò yá, gbogbo ẹni tó wọlé síbí ló ń sọ oore mi. Àwọn tí mo jẹ níyà gan-an ń sọ oore mi. Lọ sọ fún un kó bú mi."

"Kí wọ́n bú yín, mà?"

"Kó bú mi dáadáa. Ó mọ̀ mí, ó mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí Ìyá Olóògbé jíṣẹ́ yìí, Àdàbà kọ́kọ́ bínú pé wọ́n gbé ohùn òun lọ láìgba àṣẹ. Ó bínú tán, ó gbé tìmùtìmù rẹ̀ sórí àga, ó jókòó.

"Tan iná ẹ."

Ẹni tí kò gbọ́ èébú yẹn kò tíì gbọ́ èébú. Àdàbà, tí ohùn rẹ̀ ń mú àwọn ọmọ ọwọ́ sùn, bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ, ó bọ́ sórí ọkọ àkọ́kọ́, ó fò dé orí ohùn tó há, ó ní kì í ṣe àrà, pé igbe ló pa á. Ó ní Mànàmáná fi ọkọ mẹ́ta ṣe orin, kò sì rántí ẹni tó kọ́ ọ ní ohùn kejì. Ìyá Olóògbé gbé e lọ. Mànàmáná gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn kí òun lè jókòó dáhùn.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ," ni Mànàmáná bẹ̀rẹ̀. "Orin rẹ kan ṣoṣo tí ayé mọ̀, ọṣẹ ló ni ín."

Èsì Àdàbà kò pẹ́. "Ọṣẹ náà ṣì wà lọ́jà. Àwo tìrẹ dà?"

Báyìí ni Ìyá Olóògbé di ẹni tó ń ru èébú kiri ìlú. Kò sọ fún ọ̀gá àgbà. Ọmọbìnrin Mànàmáná ní lọ́jọ́ tí èébú bá dé, ìyá òun máa ń jẹun. Bó bá pẹ́ kó tó dé, á máa bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá alákọrí yẹn ti kú ni.

Nígbà tó yá, ohùn Mànàmáná rẹlẹ̀ gan-an. Èsì tó fi ránṣẹ́ kò gùn. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá lẹ́nu, wá sọ ọ́ níbí."

Àdàbà gbọ́ ọ, ó ń fi ìka tọ etí tìmùtìmù rẹ̀. "Mo máa lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ irú aṣọ yìí lọ."

"Mà, kí ló ṣe aṣọ yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. O ò mọ ẹni yẹn. Á wò mí láti òkè délẹ̀ kí n tó jókòó. Á ní ìyà ń jẹ mí."

"Ara wọn ò le mọ́, mà."

"Ara rẹ̀ ni ò le. Ojú rẹ̀ le."

Ó ra aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó dáa, ó gbé e fún télọ̀. Télọ̀ sì ni télọ̀ ń jẹ́: ó ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì dé, ó ní iná ò sí. Nígbà tó rán an tán, apá kan fún ju ìkejì lọ díẹ̀. Àdàbà ní kó tú u. Ìyá Olóògbé sọ̀rọ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí yóò rí apá aṣọ. Àdàbà ní Mànàmáná á rí i. Ìwé ẹ̀rí wo ni Ìyá Olóògbé ní tí yóò fi jiyàn? Ẹni tí yóò jáde lọ bá irú Mànàmáná ní láti múra. Lọ́hùn-ún pẹ̀lú, ẹni tó ń retí rẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ti ní kí wọ́n fọ irun àtọwọ́dá òun, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n fi àtíkè sí òun lójú lójoojúmọ́, bóyá ọlọ́ṣẹ yẹn á yọjú lójijì. Àwọn tó ti dàgbà lójú agbo, wọn kò mọ bí ènìyàn ṣe ń yọjú sí ara wọn lásán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí télọ̀ wá parí aṣọ, fóònù Ìyá Olóògbé dún. Ọmọbìnrin Mànàmáná ni. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò lè sọ ọ́, kò sì sí ìdí fún un mọ́ láti sọ ọ́. Ìyá Olóògbé kí i kú ọ̀fọ̀, ó béèrè bóyá àwọn ẹbí ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé páálí Mànàmáná sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to orin àti ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn fún ètò ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Ibẹ̀ ló wà tí Àdàbà fi wọlé. Aṣọ náà wà lára rẹ̀. Ó bá a mu; ó tilẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀dọ́ díẹ̀. Ó ti fi àtíkè sójú, ó sì gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́ dípò tìmùtìmù.

"Dìde, mú mi lọ," ló wí. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. "Wò ó dáadáa. Ṣé á rí nǹkan wí?"

Iye ikú tí Ìyá Olóògbé ti kéde láyé rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ti eléyìí yàtọ̀. Ó dun ún, ó dun ún ju bó ṣe rò pé ohunkóhun lè dun òun nínú yàrá yẹn lọ.

"Mà, ẹ jókòó," ló wí. "Wọ́n ti lọ. Láàárọ̀ yìí ni."

Àdàbà kò jókòó. Kò kígbe. Ó gbé apá ọ̀tún sókè díẹ̀, ó ń wo ibi tí télọ̀ ti tú òwú, tó sì tún un rán.

"Apá yìí," ló wí. "Nítorí apá yìí ni mo ṣe dá a padà."

Ó yí padà, ó wọ inú sítúdíò lọ fúnra rẹ̀. Ìyá Olóògbé tẹ̀lé e, ó ní èyí tó wà nílẹ̀ ti dára, pé ti bàtà yẹn dùn gan-an, pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lónìí.

"Tan iná ẹ, ọmọ mi."

Ó tan iná. Àdàbà kò sọ pé olóògbé, Ìyá Olóògbé kò sì rán an létí.

"Ìwọ," ni Àdàbà wí. Ó mí. "Onírìnkurìn. Gbogbo ìgbà lo máa ń fẹ́ ṣáájú mi jáde. Wọ́n á ní ká jọ dúró, ká jọ jáde, wàá ti wà níwájú, wàá ti máa juwọ́ sí wọn. Ta ló ń lé ọ? O ní kí n wá. Ìwọ lo ní kí n wá. Mo ti to èébú rẹ sẹ́nu, ó pọ̀, ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ta ni kí n wá bú báyìí? Ta ló kù tó mọ̀ mí tó èyí tí mo lè bú?" Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó tó gbọ́ ọ. "Mo múra wá. O ò dúró wò mí."

Èyí ni rédíò gbé jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Ìyá Olóògbé gé kúrò nínú rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ pè láti gbogbo ìgboro. Wọ́n ní irú arúgbó wo ló ń bú òkú lórí afẹ́fẹ́, pé ìlara kò jẹ́ kó sinmi títí dọjọ́ alẹ́, pé ó hàn gbangba báyìí ẹni tó tóbi nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá tí kò ní fèrèsé, èyí tí kì í ṣe, ó fẹ́ kí Ìyá Olóògbé ṣàlàyé ara rẹ̀. Kò rí i bá sọ̀rọ̀. Ìyá Olóògbé ti gba ilé Àdàbà lọ, nítorí Àdàbà kò tíì bọ́ aṣọ náà láti àárọ̀, kò sì sí ẹlòmíì nílé tó lè bá a tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀.